Òwú Tó Yọ Sẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Aláròyé mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Àbí kí n sọ pé ẹ kú oṣù mẹ́ta, nítorí láti ìgbà tó o ti kọ̀wé kẹ́yìn ni mo ti ń ka oṣù. Mo mọ ohun tó o máa sọ, pé a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Fóònù wo? Èyí tó o máa ń sọ pé "Màámi, mo wà dáadáa" kí n tó béèrè, tó o sì máa ń ní ẹnì kan ń pè ọ́ ní yàrá kejì? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Jókòó kó o kọ̀wé sí mi. Inú lẹ́tà, o ò ní ríbi sá sí.

Ara mi le. Eékún òsì ṣì ń dùn mí bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí ìdúró, kí lo fẹ́ kí eékún rẹ̀ ṣe? Ẹ̀gbọ́n rẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọ.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin méjì wá láti ọ́fíìsì ìlera, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wá fún wa. Wọ́n ní áàpù kan wà nínú rẹ̀ tí a ó fi máa tọ́jú orúkọ àwọn aláboyún, pé ẹgbẹ́ aláàánú kan ní òkè òkun ló fi ta wá lọ́rẹ, àti pé ilé ìwòsàn mẹ́fà péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dán an wò. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ká apá mọ́ àyà, mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo gbájúẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n ṣí i.

Ọmọ mi, òwú ló wà níbẹ̀! Aláboyún kọ̀ọ̀kan ní òwú tirẹ̀. Bó bá wá fún àyẹ̀wò, kókó kan á so lórí òwú náà. Òwú pupa ni ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ rí. Ṣé o rántí pátákó òwú mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò, tó o máa ń bá mi so kókó rẹ̀ bó o bá ti iléèwé dé? Òun náà gan-an ni, àfi pé inú gíláàsì ló wà. Ẹni tó ṣe é, àfi bíi pé ó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi rí.

Wọ́n ní kí n gbé pátákó kúrò kí iṣẹ́ má baà pín sí méjì. Mo gbé e kúrò. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo jowú. Mo lọ jókòó sí yàrá tí a ń kó bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ sí, mò ń bínú sí ẹni tí mi ò mọ̀ rí, pé ó gba ohun tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ní. Ìwà ọmọdé gbáà. Ìwọ tó wà láàárín àwọn oníkọ̀ǹpútà, bó o bá pàdé ẹni náà, bá mi kí i. Sọ fún un pé agbẹ̀bí kan ní ó káre.

Kó o sì fún mi lésì kí oṣù yìí tó parí o.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màámi àtàtà,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀, ẹ ti gbọ́ ìyẹn sú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wo eékún yẹn, ẹ yé fi róòbù lásán pa á.

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà yín dé. Ìdúró ni mo wà ní yàrá ìdáná ibi iṣẹ́ wa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣùgbọ́n mo ní láti jókòó. Inú mi dùn pé áàpù náà tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ ní mi ò kì í sọ nǹkan fún yín. Ó dáa, ẹ gbọ́ bí ibi tí mo wà ṣe rí. Àwa obìnrin méjìlá ni wọ́n mú fún ètò yìí. Ẹgbẹ́ tó dá a sílẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ fún èrè. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì ní nǹkan lọ́kàn tó máa ṣe aráàlú láǹfààní, ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fún ọ ní tábìlì, kọ̀ǹpútà, olùkọ́, àti oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wa ń ṣe ohun tí àwọn afọ́jú á fi mọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Òmíràn, ọmọ apẹja, ń ṣe èyí tó máa sọ fún àwọn apẹja bí omi ṣe máa rí lọ́la. Òun lọ̀rẹ́ mi. Ọ̀gá Omi là ń pè é, ó sì máa ń jí ṣúgà mi lò bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló rà á. Gíláàsì ni gbogbo ògiri wa, kò síbi téèyàn lè sunkún sí àfi ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, a máa ń dúró níwájú aago kan, ká sọ ìtàn ohun tí à ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan péré. Bí aago bá ti dún, o ti tán nìyẹn, kódà kí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi wákàtí kan kí aládùúgbò, ẹ ò lè yege láéláé! Olùkọ́ wa ní ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ń fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa rántí, pé èèyàn méjì ti pọ̀ jù nínú ìtàn ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, a máa ń gé e, a máa ń gé e, títí táá fi ku ẹnì kan.

Èyí tí èmi ń ṣe, mi ò tíì lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bó bá parí, ẹ máa rí i.

Pátákó yẹn, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e sílé. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ẹ sì ní kí n kí ẹni tó ṣe áàpù náà. Bí mo bá rí i, màá jíṣẹ́.

Ọmọ yín, Aláròyé.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Aláròyé,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, o ṣeun. Ìdí tí mi ò fi tètè dáhùn ni mo fẹ́ kọ yìí.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe búrẹ́dì. Ó lóyún, òwú pupa sì ni tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Fóònù rẹ̀ já bọ́ sínú omi níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá, kò wá lọ́jọ́ àyẹ̀wò rẹ̀. Áàpù fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù tó ti kú yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìkẹta, ó gbé òwú obìnrin náà kúrò lójú, ó fi í síbì kan tí a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ tónítóní. Èmi náà wò ó, mo ní gbogbo àwọn aláboyún mi ti pé.

O mọ bí a ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan ò bá wá, a máa fa orí kan òwú rẹ̀ kúrò lórí pátákó, a ó jẹ́ kó yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni òwú náà máa kàn lójú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a padà àfi ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé obìnrin náà. Kì í gbà ju ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì lọ, kí ara tó ni ẹnì kan, kó wọ bàtà, kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la ò fi rí obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́. A gba ẹ̀mí rẹ̀ là. A ò rí ọmọ gbà. Ọmọbìnrin ni.

Gbogbo èèyàn ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ọ́fíìsì ìlera ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé pátákó kúrò, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fa ìṣó rẹ̀ yọ. Nígbà tí ojú obìnrin náà là, ó ní, "Métírọ̀n, ṣé ẹ ò wá mi ni?" Mo kàn wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo jáde. Mo fẹ́ kọjá níwájú ilé búrẹ́dì rẹ̀ lánàá, ẹsẹ̀ mi kọ̀, mo gba ẹ̀yìn.

Ìwọ tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí, sọ fún mi. Ẹni tó ṣe é, kí ló dé tó fi ní kó máa gbé wọn kúrò?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Màámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Ẹ kú ìdààmú. Ẹ bá mi kí obìnrin náà. Rárá, ẹ má bá mi kí i, mi ò ní ẹnu.

Èmi ni mo ṣe áàpù yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju lẹ́tà yìí sílẹ̀. Pátákó yín ni mo kó sínú rẹ̀, láti orí òwú dé orí kókó. Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù ètò yìí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi ló ni ín, mo tiẹ̀ kọ orúkọ ilé ìwòsàn yín. Bí wọ́n ṣe mọ ibẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa gbé e wá bá yín, lẹ́tà yín ni mo fi mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ti aago ìṣẹ́jú kan, gígùn ni ìtàn mi ń gùn jù. Mo gé ilé ìwòsàn kúrò. Mo gé ilẹ̀kùn kúrò. Lọ́jọ́ Ajé kan, mo gé ẹ̀yin náà kúrò. Mo ní mo jókòó lọ́jọ́ kan ni ọ̀rọ̀ òwú sọ sí mi lọ́kàn, mo sì parí kí aago tó dún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Màámi, ó dùn mọ́ mi. Irọ́ ni bí mo bá ní kò dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ ọ́ lọ́nà mìíràn mọ́.

Ẹ béèrè ìdí tó fi ń gbé wọn kúrò. Èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ mi ní àwọn òwú tó ń yọ síta ń mú kí ojú ẹ̀rọ rí wúruwùru. Mo mọ ìdí tí òwú yẹn fi ń yọ síta! Èmi ni mo máa ń sá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo lè sọ fún wọn pé ó gbọ́dọ̀ rí wúruwùru, pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo lè kọ̀wé bi yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín, ẹ máa mọ̀. Torí kí ẹ má baà mọ̀ ni mi ò ṣe béèrè, torí pé mi ò béèrè ni ọmọ yẹn ṣe kú.

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé gan-an ni mo ti yí i padà ní ilé ìwòsàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò ní gbé ẹnikẹ́ni kúrò mọ́. Síbẹ̀, ẹ dákun, ẹ gbé pátákó padà sára ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni ètò wa máa parí. Àwọn tó ń ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, wọ́n sì ti ní áàpù mi ni àwọn fẹ́ gbé lọ sí igba ilé ìwòsàn. Màá dìde, màá sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, màá sì sọ ti ọmọ tó kú. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ẹ bú mi. Ẹ ṣáà má dákẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ máa ka èyí, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ máa kà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Bí mo bá pe fóònù yín, ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé e, tí wọ́n á ní ẹ wà níbi iṣẹ́. Màámi, mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo sọ ọ́. Aago dún, mi ò dákẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo sọ ti ilẹ̀kùn, mo sọ ti obìnrin oníbúrẹ́dì, mo sọ tiyín. Ọ̀gá Omi wá dúró tì mí. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò lé mi. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n lé mi. Olórí ẹgbẹ́ náà, obìnrin tí ọjọ́ orí wọn á tó tiyín, pè mí sí yàrá wọn, wọ́n bá mi wí gidigidi, wọ́n ní àwọn náà jẹ̀bi, pé ó yẹ kí àwọn ti béèrè. Wọ́n dá ohun gbogbo dúró títí a ó fi tún un ṣe. Wọ́n wá ní orúkọ yín ló gbọ́dọ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú fọ́tò yín, pé ẹ̀yin lẹ ronú kàn án. Ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, áàpù náà ò ní lọ síbì kankan.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ìyẹn tù yín lójú. Kí ni fọ́tò fẹ́ ṣe fún obìnrin oníbúrẹ́dì? Ohun tí mo jí ni mò ń dá padà. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, kódà kó jẹ́ èébú.

Ọmọ yín, bí ẹ bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje

Aláròyé,

Ọmọ mi ni ọ́, jẹ́ kí n gbọ́rọ̀. Ara mi le. Mo ti gbé pátákó padà. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ sí ìwé rẹ.

Má rò pé ìbínú ni. Mo kọ́kọ́ bínú, mo bínú débi pé mo yí fọ́tò rẹ tó wà ní pálọ̀ kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló yí i padà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìbínú yẹn lò. Èyí tó kù, ìtìjú ni. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí mo jókòó láti bú ọ, tí bírò wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí ẹnu tí màá fi bú ọ.

Èmi kọ́ ni mo ṣe pátákó yẹn.

O lè má rántí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa nígbà tó o wà ní kékeré, kúkurú kan báyìí tó máa ń bá gbogbo èèyàn jà pé wọ́n ń tẹ ilẹ̀ tútù òun. Agbálẹ̀ la máa ń pè é. Kò mọ̀wé. Inú ìwé ńlá kan la ń kọ orúkọ àwọn aláboyún sí nígbà yẹn, bí a bá sì ti pa á dé, ó parí. Òun ló máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ńṣì, òun ló mọ ẹni tí kò wá. Lọ́jọ́ kan, mo bá pátákó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òwú súwẹ́tà rẹ̀ tó tú ló ta sí i. Mo pariwo mọ́ ọn pé ta ló ní kó kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn ìjọba. Kí oṣù méjì tó pé, gbogbo wa ti ń lò ó.

Nígbà tí àwọn alábòójútó wá yẹ ilé ìwòsàn wò, dókítà àgbà wọn dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Ta ló ronú kan èyí?" Agbálẹ̀ wà níbẹ̀, korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró bóyá á sọ̀rọ̀. Ta ló máa ń jẹ́ kí Agbálẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú dókítà? Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀la láti tún un sọ, mo ní ọ̀túnla, mi ò tún un sọ. Ọdún yẹn ni wọ́n fi mí ṣe métírọ̀n. Agbálẹ̀ kí mi kú oríire. Òun ló nu àga tuntun mi.

Mo lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ló ń gbé, yàrá kan, fèrèsé kan, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, tèmi, tìrẹ, ti ọmọ tó kú. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti rò pé mo ti gbàgbé ni. Mo ní mi ò gbàgbé rí. Ó ní, "Ìyẹn ló wá burú jù, Métírọ̀n." Kò ní òun dárí jì mí, mi ò sì bi í.

Ó wá béèrè ibi tí obìnrin oníbúrẹ́dì ń gbé. Mo júwe rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó ní ká lọ. Bí mo ṣe wọ ilé tí mo ti ń sá fún nìyẹn. A jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún un lójúkojú pé a ò wá a. Ó sunkún, ó ní òun mọ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo fa ìwé rẹ yọ lójú ọ̀nà, mo ní orúkọ rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó ní kò burú, kí n kọ ọ́. Mo mú bírò, mo gbé e lé ìwé, mo wá dúró gbagidi láàárín títì. Ọdún méjìlélógún la fi jọ ṣiṣẹ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo bi í. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ sórí ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti tẹ àtàǹpàkò sí i. Ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kó o kọ ọ́, má gé nǹkan kan kúrò. Ó ní kí n kà á sóun létí, kí òun lè mọ̀ bóyá mo kọ ọ́ dáadáa. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Ìyá rẹ.